Òṣómàáló Níwájú Kọ̀ǹpútà Tí Kò Tàn

Iléṣà ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí, ní ọ̀sán Sátidé kan, níwájú àwọn òbí àti àwọn ọmọ wọn. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo kọ ọ́ síbí. Ẹ̀rín àti ariwo jẹnẹrétọ̀ nìkan ni mo yọ kúrò.

Ẹ kú ọ̀sán o, ẹ̀yin ọmọ Obòkun. Ẹ̀yin bàbá wa, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jókòó sẹ́yìn lọ́hùn-ún tí ẹ ń tẹ fóònù, ẹ kú ìjókòó, mo rí yín. Ẹ kú ooru, ẹ sì kú àìsí iná. Bí mo ṣe ń wọlé ni wọ́n mú un lọ, jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìn ilé la fi ń sọ̀rọ̀ yìí. Ẹ má bínú, ó bá ohun tí mo fẹ́ sọ mu.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wo orí tábìlì yìí. Ìyá kan ló gbé kọ̀ǹpútà yẹn wá láàárọ̀ yìí. Géèmù ni ọmọ rẹ̀ máa ń fi í gbá. Ìyá náà ní, "Ẹnjiníà, ó ti kú." Mo ní, "Mọ́mì, ta ló sọ fún yín pé ó kú?" Ó ní ẹnì kan ládùúgbò ló sọ pé motherboard rẹ̀, ìyẹn pátákó tí gbogbo nǹkan inú rẹ̀ so mọ́, ti jó, pé kí wọ́n lọ wá owó. Mo bi í pé ṣé ẹni náà tú u wò. Ó ní rárá o, wọ́n kàn ròyìn fún un pé kò tàn ni.

N kò tíì fọwọ́ kàn án. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, a ó padà bá a.

ÒṢÓ NI MÀÁ LÓ

Ta ni kò mọ òṣómàáló nínú wa? Àwọn bàbá wa Ìjẹ̀ṣà ru aṣọ lọ sí ìlú onílùú, wọ́n tà á láwìn. Nígbà tí ọjọ́ owó bá pé, wọ́n á padà lọ, wọ́n á lóṣòó síwájú ilé onígbèsè: "Òṣó ni màá ló títí n ó fi gba owó mi." Wọn kì í sábà pariwo. Wọ́n á lóṣòó, wọ́n á máa wo ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde, wọ́n á máa gbọ́ ìró tó ń dún nínú yàrá. Kò pẹ́ kò jìnnà, onígbèsè á yọjú.

Láti ìgbà tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, n kò rí ọgbọ́n tó ju ìyẹn lọ. Kọ̀ǹpútà tó bàjẹ́ jẹ ọ́ ní gbèsè. Ìdáhùn ló jẹ ọ́. Má lù ú. Má tíì sáré lọ sọ́jà. Lóṣòó tì í.

Àwọn àgbà ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwa ńkọ́? Kọ̀ǹpútà kò tàn: motherboard ni. Ó ń fà: fáírọ́ọ̀sì ni. Géèmù ń já: ẹ lọ ra RAM, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí. A ti sọ ọ́ lórúkọ, a ti dá ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, a kò tíì mọ ilé tí wọ́n bí i sí.

Kì í ṣe pé mo ń fi yín ṣẹ̀sín. Èmi fúnra mi ti jẹbi rẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù mi nítòsí Ẹ̀rẹ́jà, bọ̀ọ̀dá kan gbé kọ̀ǹpútà wá, ó ní ó máa ń kú fúnra rẹ̀ bí géèmù bá ti wọra. N kò wo ohunkóhun. Mo ní graphics card ni, ìyẹn káàdì tó ń ya àwòrán sójú mọ́nítọ̀. Ó kó owó sílẹ̀, mo wọkọ̀ lọ sí Èkó, mo rà á ní Computer Village ní Ìkẹjà. Mo fi bọ̀ ọ́, ó tàn, a gbá géèmù lórí rẹ̀ fún wákàtí kan, a yọ̀. Ọjọ́ kejì ó gbé e padà: ó tún kú. Mo pààrọ̀ power pack, àpótí tó ń pín iná fún un. A tún dán an wò, kò ṣe nǹkan kan. Ó gbé e lọ sílé, ó tún kú.

Ẹ bá mi gbọ́ o. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, kò kú lẹ́ẹ̀kan rí. Ilé rẹ̀ ló ti ń kú. Ilé là á wò, ilé gan-an ló ní kí n wò, n kò wò ó! Nígbà tí mo tẹ̀ lé e délé rẹ̀ ní Ìsọkùn, kí ni mo bá? Kọ̀ǹpútà, fìríìjì àti áyọ́ọ̀nù, gbogbo wọn lórí ẹ̀kíténṣọ̀n kan ṣoṣo, ṣọkẹ́ẹ̀tì ara ògiri ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Bí fìríìjì bá ti gbéra báyìí, iná á rọ, kọ̀ǹpútà tó ń forí tì í lórí géèmù á kú. Owó ṣọkẹ́ẹ̀tì tuntun kò tó owó ọkọ̀ tí mo wọ̀ lọ sí Ìkẹjà. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń san owó káàdì yẹn padà díẹ̀díẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, bọ̀ọ̀dá náà ló ń wá lóṣòó sí ṣọ́ọ̀bù mi.

INÁ LA Ó KỌ́KỌ́ BI LÉÈRÈ

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ mi àkọ́kọ́ dá lórí iná, màá sì pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń gbé wá bá mi, iná ni.

Iná tó wọ ilé wa ní Nàìjíríà, 230 fóòtì (volt) ló yẹ kó jẹ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé "ó yẹ" yẹn ló ń dà wá láàmú. Nígbà mìíràn á rọ títí gílóòbù á fi pọ́n bí ojú ẹni tó mu ẹmu àná. Nígbà mìíràn á ga, fáànù òkè á fẹ́ fò. Bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ kò jẹ 230 yẹn. Àpótí irin kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tí à ń pè ní power pack, ló ń gbà á, tó ń sọ ọ́ di fóòtì 12, 5 àti 3.3, tó ń pín in fún oníkálukú. Òun ni olórí ilé. Bí ìyà bá wọlé, òun ló ń kọ́kọ́ jẹ ẹ́.

Bí kọ̀ǹpútà kò bá tàn rárá, ṣé ṣọkẹ́ẹ̀tì ní iná? Ẹ fi ṣájà fóònù yín dán an wò. Ṣé wáyà ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé dáadáa? Ẹ tì í. Bọ́tìnnì kan wà lẹ́yìn power pack, wọ́n fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n kọ òdo sí èkejì. Ìlà ni títàn, òdo ni pípa. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Ẹ kò mọ iye kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti fi ọ̀kadà gbé wá bá mi láti Òkèsà, tó jẹ́ pé ọmọdé kan ló tẹ òdo. Mo tẹ ìlà, ó tàn. Ẹ sọ fún mi, èló ni kí n gbà lọ́wọ́ wọn?

Bó bá tún kọ̀, ẹ yọ wáyà kúrò lára ògiri pátápátá. Ẹ tẹ bọ́tìnnì tí ẹ fi ń tàn án mọ́lẹ̀, kí ẹ ka ení, èjì, títí dé ọgbọ̀n. Iná tó ṣẹ́ kù sínú rẹ̀ á tán. Ẹ dá wáyà padà, ẹ tún un tẹ̀. Ẹ̀rù á bà yín bí ẹ bá mọ iye kọ̀ǹpútà tí ìyẹn ti jí, pàápàá láàpútọ́ọ̀pù.

Ìgbà tí iná bá ń lọ kọ́ ló léwu jù. Ìgbà tó bá ń padà bọ̀ ni. Ó máa ń wọlé bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Kí a tó pariwo "Up NEPA!" tán, ọmọ ti tẹ bọ́tìnnì. Ẹ ní sùúrù ìṣẹ́jú márùn-ún kí ó rọlẹ̀ ná. Jẹnẹrétọ̀ kékeré náà kò ṣeé finú tán: bí aránṣọ tó wà lódìkejì bá yọ áyọ́ọ̀nù rẹ̀ lójijì, iná tó kù á ta sókè, kọ̀ǹpútà yín ló máa gbà á. Ẹ wá nǹkan tó máa dúró sáàárín, ìbáà ṣe sítébíláísà tàbí UPS, àpótí oníbátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà ró fúngbà díẹ̀ bí iná bá lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀dọ́, UPS kékeré tí wọ́n kọ 650 sí lára kì í ṣe ohun tí a fi ń gbá géèmù lọ. Ó wà kí ẹ lè tọ́jú iṣẹ́ yín kí ẹ sì pa ẹ̀rọ náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni. Ẹ má sì so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé aláser mọ́ ọn láé, ìgbà tó bá ń gbóná, iná tó ń fà pọ̀ kọjá ohun tí UPS lè gbé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọńlé. Ní ọdún 1947, ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Mark II rí i pé ó ń ṣìṣe. Wọ́n wá a, wọ́n wá a, àfòpiná ni wọ́n bá níbi tó há sí nínú rẹ̀. Wọ́n fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé àkọsílẹ̀ wọn, ìwé náà sì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Amẹ́ríkà títí dòní. Àwọn rí àfòpiná. Ní Iléṣà níbí, ọmọńlé ni! Power pack gbóná, ó ṣókùnkùn, òjò ń rọ̀ níta: kí ni ọmọńlé tún ń wá? Ó wọlé, ìrù rẹ̀ kan ibi tí kò yẹ kó kàn, pàà! Ọmọńlé kú, power pack kú. Ẹ wo ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà yín. Bí pélébé irin tó bo àwọn ihò tí ẹ kò lò bá ti sọnù, ẹ wá nǹkan dí i. Aáyán náà ń gba ibẹ̀ wọlé.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, mo fi orúkọ ìyá yín bẹ̀ yín, ẹ má tú power pack fúnra yín. Ẹ lè tú ilé kọ̀ǹpútà, ẹ má tú àpótí yẹn. Iná ṣì máa ń sùn nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ wáyà, ó sì lè pa èèyàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni bátìrì láàpútọ́ọ̀pù tó bá ti wú. Ẹ má gún un, ẹ má tẹ̀ ẹ́ wọlé, ẹ má tún fi iná sí i mọ́.

KỌ̀ǸPÚTÀ A MÁA SỌ̀RỌ̀

Ọ̀rọ̀ mi kejì: ẹ̀rọ yìí kì í dákẹ́. Àwa ni kì í gbọ́.

Fáànù ń yí, ojú rẹ̀ dúdú, ó ń dún "píì, píì, píì". Ìyẹn ni pé ó ń sọ̀rọ̀. Ẹ ka iye ìgbà tó dún, èyí tó gùn àti èyí tó kúrú, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí ìró náà túmọ̀ sí yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ kan sí òmíràn, ìwé tó bá motherboard wá ló máa túmọ̀ rẹ̀. Nígbà púpọ̀, RAM ló ń ké. Ẹ yọ wáyà iná. Ẹ fọwọ́ kan ara irin kọ̀ǹpútà kí ẹ tó kan nǹkan inú rẹ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ṣé ẹ mọ bí aṣọ ṣe máa ń ta yín pà nígbà ọyẹ́ bí ẹ bá ń bọ́ ọ? Títa tí kò dun èèyàn yẹn tó láti ba RAM jẹ́. Ẹ yọ RAM, ẹ fi rọ́bà ìpàwérẹ́ tó mọ́ nu ẹnu wúrà rẹ̀ pẹ̀lẹ́, ẹ dá a padà títí yóò fi dún kọ́. Bó bá jẹ́ méjì, ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ ná, kí ẹ dán ẹyọ ọ̀kan wò, lẹ́yìn náà èkejì.

Ìdí nìyí tí mo fi ní ọ̀kan. Bí o bá fi ewé mẹ́ta se àgbo tí ara sì yá, èwo ló wò ọ́ sàn nínú wọn? O kò mọ̀. Bí àìsàn náà bá padà, o máa wá ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kiri igbó. Ohun kan ni ká yí padà, ká dán an wò, kí a tó kan òmíràn. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n. Ẹ̀yin ìyá, ẹ foríjì mí, òwe ni.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan sunkún wá bá mi, ó ní àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ti gba kọ̀ǹpútà òun. Gbogbo ojú ewé tó bá ṣí ló ń kìlọ̀ pé kò sí ààbò níbẹ̀. Mo wo igun ìsàlẹ̀ níbi tí déètì wà. Kọ̀ǹpútà rò pé ọdún 2009 la ṣì wà! Ìwé ẹ̀rí tí àwọn ojú ewé yẹn ń fi hàn ní déètì lára. Lójú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ọjọ́ ìwé náà kò tíì pé. Bátìrì kékeré kan ló wà lórí motherboard, ó rí bí owó ẹyọ, CR2032 ni wọ́n ń pè é: ó fẹ̀ tó mìlímítà 20, ó nípọn tó 3.2, fóòtì 3 ló wà nínú rẹ̀. Òun ló ń rántí ọjọ́ àti wákàtí nígbà tí iná kò bá sí. Ó ti kú ni. Mo pààrọ̀ rẹ̀, mo tún déètì ṣe, ọmọ náà nu ojú.

Ti ooru ńkọ́? Ọ̀pọ̀ processor òde òní, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, bó bá ti súnmọ́ 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìyẹn ooru omi tó ń hó, á dẹ ìrìn fúnra rẹ̀ kó má bàa jóná. Bí ó bá tún gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, á pa ara rẹ̀. Eruku ọyẹ́ ló ń dí i lọ́nà. Láàpútọ́ọ̀pù tí ẹ gbé sórí mátíràsì, ẹ ti fi ìrọ̀rí bò ó nímú. Ẹ fẹ́ eruku rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n ẹ fi ìka di fáànù mú bí ẹ bá ń fẹ́ ẹ, kí ó má yí kọjá agbára rẹ̀. Òróró funfun tàbí eérú tó wà láàárín processor àti irin tó ń tù ú lára máa ń gbẹ, a sì ń pààrọ̀ rẹ̀. Thermal paste ni orúkọ rẹ̀. Ọṣẹ ìfọyín kọ́ o! Mo ti bá ọṣẹ ìfọyín níbẹ̀ rí, pẹ̀lú òórùn míńtì rẹ̀.

Ti hard disk, ibi tí fáìlì yín ń gbé, n kò ní pẹ́ níbẹ̀: bí ẹ bá ti gbọ́ tí ó ń dún "kà, kà, kà", ẹ má dán nǹkan kan wò mọ́. Ẹ kó fáìlì yín jáde lọ́jọ́ náà, kí ẹ tó jẹun. Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ẹ JẸ́ KÁ WÁ SÓRÍ GÉÈMÙ

Ibí lẹ̀yin ọ̀dọ́ ti gbé ojú kúrò lórí fóònù. Mo rí i.

Ẹ̀yin òbí máa ń sọ fún mi pé, "Géèmù ló ba kọ̀ǹpútà yìí jẹ́." Mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n n kò gbà. Géèmù kì í ba kọ̀ǹpútà tí ara rẹ̀ le jẹ́. Àṣírí èyí tó ń ṣàìsàn ló ń tú. Ẹni tó ń kọ lẹ́tà lórí kọ̀ǹpútà dà bí ẹni tó ń rìn gbẹ̀fẹ́ lórí ilẹ̀ títẹ́. Ẹni tó ń gbá géèmù ru iṣu, ó ń gun òkè. Bí àyà bá ń dun èèyàn, orí òkè ló ti máa mọ̀. Ṣé òkè ló wá dá a láyà dídùn?

Nítorí náà, ẹ bi ọmọ yín léèrè bí ó ṣe ń ṣe. Bó bá jẹ́ pé ó ń kú pìì bí ẹni gé wáyà, ẹ wo iná, ẹ wo ooru. Bó bá bẹ̀rẹ̀ dáadáa, tó wá ń fà lẹ́yìn bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ooru ni ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bó bá ń já láti ìbẹ̀rẹ̀, agbára rẹ̀ ni kò ká a, tàbí kẹ̀, láàpútọ́ọ̀pù tí kò sí lórí ṣájà ni. Bátìrì nìkan kì í jẹ́ kó lo gbogbo agbára rẹ̀.

Fíìmù sinimá, àwòrán 24 ló ń kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Géèmù tó ń dán mọ́rán máa ń fẹ́ 60. Bí ó bá wá sílẹ̀ sí 15, agbábọ́ọ̀lù yín á máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, ẹ ó rí ẹni tí iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn: ṣé processor ló ti dé 100 nínú ọgọ́rùn-ún ni, tàbí graphics card, tàbí RAM ló kún? Ẹ kò ní fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Nígbà míì, kí ẹ dín òjìji inú géèmù kù ti tó.

Ọmọkùnrin kan fi oṣù púpọ̀ tọ́jú owó, ó ra graphics card, géèmù kò yàtọ̀. Ó fẹ́ pa ẹni tó tà á fún un. Mo dé ibẹ̀, mo wo ẹ̀yìn: wáyà mọ́nítọ̀ ṣì wà lára motherboard, káàdì tuntun kàn jókòó ni. Mo yọ ọ́, mo fi bọ ara káàdì. Ó wò mí, mo wò ó. A kò sọ nǹkan kan.

Ẹ̀yin tí owó yín kò tó ra tuntun, tòkunbọ̀ ọ́fíìsì dára. Ṣùgbọ́n power pack ọ̀pọ̀ nínú wọn kéré, kò sì ní wáyà àfikún tí káàdì ńlá ń fẹ́. Ojú ihò tí a ń fi káàdì sí lórí motherboard lè fún un ní wáàtì 75, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Káàdì bíi GTX 1050 Ti tàbí GTX 1650, irú èyí tí kò ní ojú wáyà lára, ló máa bá a lọ. Ẹ wọn gíga rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, torí àwọn kọ̀ǹpútà tín-ín-rín wà tí káàdì gíga kò lè wọ̀.

Ti géèmù ayédèrú tí ẹ ń gbà lára fláàṣì ara yín, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: mo mọ ìdí rẹ̀. GTA V tó jáde fún kọ̀ǹpútà ní 2015 ju gígábáìtì 70 lọ. Ta ló fẹ́ ra dátà yẹn? Ṣùgbọ́n ohun tó ń bá a wọlé ni mo máa ń gbowó láti kó jáde. Lórí Steam, ọjà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, bí ẹ bá ra géèmù tí kọ̀ǹpútà yín kò gbé, ẹ lè gba owó yín padà láàárín ọjọ́ 14, bí ẹ kò bá tíì gbá a tó wákàtí méjì. Ẹ ti mọ̀ bóyá ó ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́ kí wákàtí méjì tó pé.

Ẹ̀yin bàbá tí ẹ ń ta ayò títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ẹ má wò mí báyìí. Ìdí ọpọ́n ayò kan náà ni ọmọ yín jókòó sí.

Ó dáa. Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ súnmọ́ ibí. Ẹ jẹ́ ká wo ilé. Jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́. Fóònù mi ń gba iná lára ṣọkẹ́ẹ̀tì yìí. Ẹ̀yìn rẹ̀, orí ìlà ni. Ìwọ tó wọ ẹ̀wù pupa, wá bá mi tẹ̀ ẹ́.

Ṣé ẹ gbọ́? Fáànù ń yí. Fáànù yíyí kò ní kí motherboard má bàjẹ́ o, ṣùgbọ́n òkú yìí ń mí. Àwòrán kò sí. Ó dún: ẹ̀ẹ̀kan gígùn, ẹ̀ẹ̀mejì kúkúrú. Kí ẹnì kan bá mi kọ ọ́ sílẹ̀. Yọ wáyà. Mo kan irin. RAM méjì ló ní, mo yọ méjèèjì, mo dá ẹyọ ọ̀kan padà. Tẹ̀ ẹ́... Ẹ̀ẹ̀kan gígùn, ẹ̀ẹ̀mejì kúkúrú. Ohun kan náà. Ó dáa, èkejì. Ohun kan náà síbẹ̀. Ó jọ pé RAM kọ́ ló ń ké. Graphics card ló kàn, àbí ẹnu ihò tó jókòó sí.

Ẹ̀yin tí ebi ń pa, oúnjẹ ti wà lẹ́yìn, ẹ máa lọ. Mọ́mì, ẹ jókòó tì mí. Kí ẹnì kan bá mi gbé àga yìí kúrò. Ilẹ̀ ni màá wà.